Ewé Mẹ́ta Àwẹ̀ró

Ní ìlú Igbó Ajílọ́là, ẹranko kan kì í ṣàdédé di ọlọ́jà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ yá ju ti àgbọ̀nrín lọ, bí àyà rẹ̀ tilẹ̀ le ju ti ìnàkí lọ, bí kò bá tíì gun Òkè Ọlọ́jà kí ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ òwò lọ́dọ̀ Erin àti ìgbìmọ̀ rẹ̀, a kì í fi ọjà lé e lọ́wọ́. Àwọn tó bá ti òkè náà sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ń pín ojú ọjà. Àwọn ni wọ́n ń dá iye lé ọkà, àwọn náà ni wọ́n ń sọ ẹni tí yóò pàtẹ sábẹ́ igi àti ẹni tí yóò pàtẹ sínú oòrùn. Nítorí náà, kò sí òbí kan nínú igbó náà tí kì í gbójú sókè wo òkè yẹn nígbà tó bá ń fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ.

Òfin ìgòkè kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò fi ewé mẹ́ta ránṣẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Ewé kan ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, láti sọ ẹni tí òun jẹ́, ohun tí ojú òun ti rí, àti ohun tí òun ń wá lórí òkè. Ewé méjì tó kù, àgbà méjì tó mọ̀ ọ́n ni yóò kọ wọ́n láti jẹ́rìí sí i. Àwọn tó fi òfin náà lélẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ojú ẹni kì í rí ìpàkọ́ ẹni. Ẹni tó wà lẹ́yìn ní í bá ni rí i.

Ṣùgbọ́n òfin dà bí àgbàdo. Bó ti wù kó yọ ọmọ tó, bí kòkòrò bá wọ inú rẹ̀, háríhá ni yóò kù lọ́wọ́ àgbẹ̀. Kòkòrò tó wọ inú òfin yìí ni ìfẹ́ orúkọ ńlá. Ọmọ ẹranko á fi ẹni tó mọ̀ ọ́n sílẹ̀, á lọ máa bẹ Kìnnìún tí kò mọ̀ bóyá ìwo ló ní ni tàbí ìyẹ́. Kìnnìún kò sì ní àyè. Á yán, á ní, “Ẹ lọ kọ ọ́ wá, n óò tẹ ẹsẹ̀ sí i.” Nígbà tí Odídẹrẹ́ rí i pé ọ̀rọ̀ ti dà báyìí, ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ọsàn, ó sọ ara rẹ̀ di akọ̀wé gbogbo ayé. Òun ní ń kọ ewé ẹni tó ń wọlé, òun náà ní ń kọ ti àwọn ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Akíkanjú ni, olóòótọ́ ni, aṣáájú ni: ibẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ń parí sí. Nígbà tó máa fi di ọdún tí à ń wí yìí, gbogbo ọ̀dọ́ inú igbó ti di akíkanjú, olóòótọ́ àti aṣáájú tán lórí ewé, bẹ́ẹ̀ ni ọjà ṣì ń dàrú.

Láàárín àwọn ẹyẹ ilẹ̀ ni Àwẹ̀ró wà. Àparò ni, ọmọ àparò sì ni. “Àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè.” Gbólóhùn yìí ni wọ́n fi ń pẹ̀tù sí i nínú láti kékeré nígbàkúgbà tó bá ní òun fẹ́ ṣe ohun ńlá. Létí àwọn yòókù, òwe ìtẹ́lọ́rùn ni. Létí Àwẹ̀ró, ọ̀nà ni wọ́n ń júwe fún un: ẹ jẹ́ kí n wá ebè gùn nígbà náà! Lọ́dọọdún ló ń wo àwọn tó ń gbé ilẹ̀, òkété, òòrẹ̀, awó àti ọ̀yà, tí wọ́n ń kó ọkà lọ sí ọjà tí àwọn agungi, ìran ọ̀bọ, ń darí. Àwọn agungi á dá iye tó wù wọ́n lé e, àwọn ará ilẹ̀ á sì fi ìbànújẹ́ gbé agbọ̀n òfìfo padà sílé. Àwẹ̀ró fẹ́ kọ́ bí a ti ń dá ọjà sílẹ̀, kí àwọn ará ilẹ̀ lè ní tiwọn.

Nígbà tí Odídẹrẹ́ gbọ́ pé ó ń lọ, ó ránṣẹ́ pè é.

“Jókòó, ọmọ mi,” ló wí. “Mo gbọ́ pé Ẹfọ̀n lo fẹ́ lọ bá. Ẹfọ̀n tó jẹ́ pé inú ẹrẹ̀ ló ń gbé, kí ló mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ dídùn? Wọ́n tún ní o fẹ́ lọ bá Ìyá Òòrẹ̀. Ṣé Ìyá Òòrẹ̀ tí o ba ọkà rẹ̀ jẹ́ náà ni? Ẹni tí a ṣẹ̀ kì í kọrin ire fún ni. Jẹ́ kí n bá ọ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ohùn wọn lè ṣọ̀kan. N óò bá ọ gba ẹsẹ̀ Kìnnìún sí i.”

“Baba, ṣé Kìnnìún mọ̀ mí ni?”

“Kò mọ̀ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dára níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ kò lè mọ àléébù rẹ.”

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí ìyẹ́ ara rẹ̀ fi gbọ̀n. Ó dúpẹ́, ó dìde, ó sì gba ọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n kò tíì rìn jìnnà tí ẹ̀rín náà fi kúrò lẹ́nu rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ọkà tí Odídẹrẹ́ sọ, òótọ́ ni. Òun ló rọ àwọn ará ilẹ̀ pé kí wọ́n da ọkà wọn pọ̀ sínú kòtò kan létí odò, kí ó lè sún mọ́ ọjà. Odò kún. Nígbà tí omi fi máa fà, ọkà ti hù, ó ti jẹrà, àwọn ọmọ Ìyá Òòrẹ̀ sì jẹ gbòǹgbò kíkorò títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí.

Ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ lọ bá. Ẹfọ̀n ló ni ibi iyọ̀, ilẹ̀ funfun kan báyìí tí gbogbo ẹranko ti ń lá iyọ̀. Àwẹ̀ró ti bá a bójú tó ibẹ̀ rí, kí àwọn alágbára má baà tẹ àwọn kéékèèké pa. Inú ẹrẹ̀ ló bá a, ìwo nìkan ló yọ síta.

“Ewé ẹ̀rí?” Ẹfọ̀n fọn imú. “Kò burú. Lọ kọ ọ́ wá, n óò tẹ ẹsẹ̀ sí i.”

“Baba, bí mo bá kọ ọ́, ohùn mi ni wọ́n máa gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn yín ni mo wá tọrọ.”

“N kò ní ọ̀rọ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá a. Kí ni mo ṣe rí tó dùn mọ́ yín nínú?”

Ẹfọ̀n ronú títí. “N kò rántí.”

“Kí ni mo ṣe rí tó bí yín nínú?”

Gbìrìgìdì! Ẹfọ̀n dìde, ẹrẹ̀ sì ta dé ojú ewé tí Àwẹ̀ró mú wá. “Ìyẹn ni mo rántí! Ọdún ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Òùngbẹ iyọ̀ ń gbẹ mí, mo sáré wọ ibi iyọ̀, ìwọ ẹyẹ tí kò tó pátákò mi dúró sí iwájú mi, o na ìyẹ́, o ní, ‘Baba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tò sẹ́yìn.’ Èmi! Èmi tí mo ni iyọ̀! O ní kí n tò sẹ́yìn ìyá ẹtu kan àti ọmọ rẹ̀!”

“Baba, ẹ má bínú.”

“Mo bínú! Mo bínú débi pé mo tò.” Ó wo ẹrẹ̀ tó ń kán lára rẹ̀, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n láti inú wá. “Mo tò. Ìyá ẹtu yẹn ò lè lá iyọ̀ mọ́, ẹ̀yìn ló ń wò. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tẹ ẹnikẹ́ni níbi iyọ̀ mi. Wọ́n ní bí Ẹfọ̀n bá lè tò, ta ni kò ní tò?”

“Baba, ẹ dákun, ẹ má kọ ìyẹn. Wọ́n á ní mi ò ní ọ̀wọ̀.”

“Ìyẹn gan-an ni n óò kọ.”

Àwẹ̀ró gbà. Ó sọ ohun tó ń wá lórí òkè fún Ẹfọ̀n, ọjà àwọn ará ilẹ̀, kí baba náà lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò kọjú sí. Ó tún ní, “Mi ò ní fẹnu kan ibi iyọ̀ nínú ewé tèmi. Tiyín ni. Bí ẹni mẹ́ta bá ń gbé ìtì igi, wọn kì í gba ojú kan náà mú. Òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń ṣú, Baba. Bí ẹ bá gbàgbé, n óò tún wá.”

“Wàá wá dà mí láàmú nínú ẹrẹ̀ mi?”

“N óò wá dà yín láàmú, Baba.”

“Olórí kunkun,” ni Ẹfọ̀n wí, ó sì rì padà pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ti Ìyá Òòrẹ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Bó ti rí Àwẹ̀ró lẹ́nu ihò rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀gún ara rẹ̀ nàró. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Ìyá Òòrẹ̀ gbọ́ ọ dópin kó tó dáhùn.

“O mọ̀ pé bí mo bá jẹ́rìí, n óò sọ ti ọkà.”

“Mo mọ̀, Ìyá. Èmi náà yóò sọ ọ́.”

“Ìwọ náà? Kí ló dé tí àwa méjèèjì yóò fi máa sọ ọ́? Àbí ọkà náà ò tíì jẹrà tó ni?”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. “Ìyá, ohun tí mo rò kí n tó ṣe é, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ojú yín ló tó o. Ẹ bá mi sọ apá tiyín bó ṣe rí. Bó bá korò, ẹ má fi oyin sí i.”

Ìyá Òòrẹ̀ yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń ta kìtì nínú ewé gbígbẹ, wọ́n ti yó, ara wọn sì ń dán. “Lẹ́yìn tí ọkà jẹrà, ò ń lọ láti ẹnu ihò dé ẹnu ihò,” ló wí nígbà tó yá. “Ò ń sọ pé, ‘Èmi ni mo ṣe é.’ Àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Èmi, mo gún ọ. Ní ọjọ́ kejì mo tún rí ọ, ẹ̀gún mi ṣì wà ní apá rẹ, o ní kí n jọ̀ọ́ kí n fi ibi tí omi kì í dé hàn ọ́. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n mo fi òkìtì ọ̀gán hàn ọ́. Láti ìgbà náà ni ọkà wa ti ń wà lórí ọ̀gán, kò sì hù mọ́.” Àwọn ẹ̀gún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lọ́kọ̀ọ̀kan. “N kò tíì dárí jì ọ́ tán o. Ṣùgbọ́n n óò kọ ọ́.”

Ó wá ku ewé ti Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ kọ, nígbà tó kà á, àfi bí ẹni pé Odídẹrẹ́ ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó fà á ya. Ó kọ òmíràn, ìyẹn náà ń tọrọ àánú bí alágbe. Ó fa ìyẹn náà ya. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó, ó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé gan-an tí òun fi gbé ọkà sí etí odò nígbà tí àwọn àgbà ní ilẹ̀ náà rọ̀. Ìdáhùn náà tì í lójú, ṣùgbọ́n òun ni ó kọ: “Mo gbé e síbẹ̀ nítorí mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí pé mo yára.” Bó ti kọ gbólóhùn yẹn tán, ìyókù ń tú jáde bí omi.

Ọjọ́ ìgbìmọ̀ pé. Erin jókòó sórí àpáta, àwọn àgbà sì yí i ká. Ọ̀bọ, ọ̀tún rẹ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan kan, ni ó ń ka àwọn ewé sókè. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè ni Ògídán, ọmọ Ẹkùn, ọ̀dọ́ arẹwà tí ara rẹ̀ ń tàn yànrànyànràn.

Ọ̀bọ ka ewé Ògídán: “Akíkanjú ni mí, olóòótọ́ ni mí, aṣáájú ni mí.” Ó mú ewé ẹlẹ́rìí kìíní, tí ẹsẹ̀ Kìnnìún wà lórí rẹ̀: “Akíkanjú ni, olóòótọ́ ni, aṣáájú ni.” Àwọn àgbà ń tòògbé. Ó mú ìkẹta: “Akíkanjú ni, olóòótọ́ ni. Láàárín gbogbo ẹyẹ ilẹ̀, kò sí èyí tó ń yé ẹyin lásìkò bíi tirẹ̀.”

Oorun dá lójú gbogbo wọn. Wọ́n wo Ògídán. Ọ̀bọ yí ewé náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, “Ìgbìmọ̀ ọlọ́lá, ẹ bá mi kí Ẹkùn kú ewu ọmọ, ọmọ rẹ̀ ti ń yé ẹyin.” Erin la ẹnu, ẹ̀rín tó sì jáde níbẹ̀ ká èso lórí ìrókò. Ewé tí Odídẹrẹ́ ti kọ sílẹ̀ de Àwẹ̀ró ni. Nígbà tí kò gbà á, kò fẹ́ kó ṣòfò. Ògídán fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì bojú, ó sì rọra yọ́ lọ sẹ́yìn.

Wọ́n pe Àwẹ̀ró. Ọ̀bọ ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, kò sì sí ẹni tó tòògbé. Ó wá dìde, ó nà tán.

“Baba Òkè, ẹ̀yin àgbà,” ló wí. “Bí ẹlẹ́rìí méjì bá rí ẹnìkan, ó yẹ kó jẹ́ ẹnìkan náà ni wọ́n rí. Ẹfọ̀n ní olórí kunkun ni ẹyẹ yìí, pé kò tẹrí ba fún òun. Ìyá Òòrẹ̀ ní ọrùn rẹ̀ rọ̀, pé ó tẹrí ba títí ó fi rẹ òun. Ẹyẹ méjì nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ tún kọ ọ́ pé àwọn agungi ń rẹ́ àwọn ará ilẹ̀ jẹ lọ́jà. Ìbátan mi ló ń bá wí! Mo fẹ́ kó sọ fún wa, nínú ẹyẹ méjèèjì yìí, èwo ló dúró níwájú wa?”

Àwẹ̀ró gbé orí sókè, ó wojú Ọ̀bọ.

“Baba mi, ẹyẹ kan ni. Bí ẹni ńlá bá fẹ́ gun orí ẹni kékeré kọjá, orí mi máa ń le. Bí mo bá dúró níwájú ẹni tí mo ṣẹ̀, ọrùn mi máa ń rọ̀. Bó ti wù mí kó máa rí nìyẹn. Nígbà mìíràn mo máa ń ṣe é ní òdìkejì, ìdí nìyẹn tí mo fi wá kọ́ ẹ̀kọ́. Ní ti àwọn agungi, Baba, bí mo bá parọ́, kí ẹ lé mi sọ̀ kalẹ̀.”

Ọ̀bọ họ ìpàkọ́. Ó wo àwọn agungi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn náà ń wo ilẹ̀. “Kò parọ́,” ló wí, ó sì jókòó.

Erin wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì dé ìsàlẹ̀ òkè. “Ó pẹ́ tí mo ti jókòó síbí tí mò ń gbọ́ ìyìn. Ìyìn pọ̀ létí mi títí n kò fi mọ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Lónìí, Ẹfọ̀n bú ẹyẹ kan fún mi, Ìyá Òòrẹ̀ fi ẹ̀sùn kàn án, ẹyẹ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́, mo sì rí i kedere bí ẹni rí oṣù. Àwọn mẹ́ta yìí fi orí kò, ṣùgbọ́n wọn kò yá ara wọn lẹ́nu. Láti òní lọ, ewé tí ẹlẹ́rìí kò bá ti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, a kò ní kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ Kìnnìún ló wà lórí rẹ̀. Àwẹ̀ró, gòkè wá.”

Ariwo ayọ̀ sọ ní ìsàlẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ ti kóra jọ sẹ́sẹ̀ òkè láti àárọ̀. Awó ń kígbe, òkété ń fi ìrù lu ilẹ̀, àwọn ọmọ òòrẹ̀ ń mi ẹ̀gún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, wọ́n sì jó títí eruku fi bo ọ̀nà. Ẹfọ̀n, tí kì í kúrò nínú ẹrẹ̀ nítorí ẹnikẹ́ni, ti wà níbẹ̀ náà. Ó ní ibi iyọ̀ lòun ń lọ, ọ̀nà ló ṣì òun.

Láàárín ìdùnnú yìí ni Àwẹ̀ró tajú kán rí Ògídán tó dá jókòó lẹ́yìn àpáta. Ó tọ̀ ọ́ lọ.

“Wá bú mi,” ni Ògídán wí. “Gbogbo igbó ló ń bi mí pé ẹyin mi dà.”

“N kò wá bú ọ. Kí lo ti ṣe rí, Ògídán?”

“Kò sí. Ọmọ Ẹkùn ni mí, ìyẹn nìkan ni mo ti ṣe.” Ó fi èékánná ha ilẹ̀. “Ní ọdún tí iná jó pápá, mo gbé ìyá ìgbín kan sẹ́nu, mo gbé e kọjá odò. Mo rọra dì í mú kí eyín mi má baà fọ́ ọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹkùn tó ń gbé ìgbín kiri, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi ṣe.”

“Ta ló rí ọ?”

“Kò sí ẹni tó rí mi.”

“Ìgbín tí o gbé ńkọ́?”

Ògídán gbójú sókè.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ọmọ Ẹkùn tún gòkè, ewé méjì ló mú wá, tirẹ̀ àti ti Ẹtu kan tó mọ̀ ọ́n. Ó ní ìkẹta ń bọ̀. Ìyá Ìgbín ti ní ẹnikẹ́ni kò ní gbé òun, pé ẹ̀rí tòun, ẹsẹ̀ òun ni yóò gbé e wá, ó sì ti gbéra láti ìgbà tí ewé igi ti ń wọ́. Oòrùn ń lọ sílé, ìkùukùu òjò àkọ́rọ̀ ń ṣú bọ̀. Ọ̀bọ gun orí igi, ó fi ọwọ́ síjú, ó wo ìsàlẹ̀, ó rí nǹkan kékeré kan tó ń dán lójú ọ̀nà, tó gbé ewé lé orí ìkarahun, tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Baba Òkè,” ló wí, “ó ti dé ìdajì òkè.”

Erin wo ojú ọ̀run. Lẹ́yìn náà ó rọra dìde lórí àpáta rẹ̀, nítorí pé ẹlẹ́rìí ń bọ̀, gbogbo ìgbìmọ̀ sì dìde pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n kọjú sí ọ̀nà, wọ́n ń dúró.